Orúkọ Àǹtí Lórí Aṣọ Ìyàwó

Wọ́n ní ẹni tó bá jí fọ́tò tí orúkọ ẹlòmíràn wà lórí rẹ̀, fóònù ẹni náà á bú gbàmù sápò rẹ̀. Ìròyìn yìí ló gbé Àǹtí Aránṣọ dìde nídìí ẹ̀rọ, tòun ti téèpù lọ́rùn, tó fi já wọ ṣọ́ọ̀bù Ayàwòrán, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

ARÁNṢỌ: Kò tíì bú o!

AYÀWÒRÁN: Ẹ káàsán o, Àǹtí mi. Kí ni ò tíì bú?

ARÁNṢỌ: Fóònù aránṣọ òdìkejì títì! Ó tún gbé fọ́tò aṣọ ìyàwó tí mo rán sórí péèjì ẹ̀, ó ní òun ló rán an. Oníbàárà mi mẹ́ta ló ti yà sọ́dọ̀ ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀ mo kọ orúkọ sí i gàdàgbà!

AYÀWÒRÁN: Ibo lẹ kọ ọ́ sí?

(Aránṣọ na fóònù síwájú. Ó ti fi ọ̀dà èékánná pupa kọ orúkọ rẹ̀ sórí gíláàsì, láti etí dé etí.)

AYÀWÒRÁN: (ó fọwọ́ bo ẹnu) Ọ̀dà èékánná, Àǹtí?

ARÁNṢỌ: Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kùn ún. Kò lè bó.

AYÀWÒRÁN: Ó wá ń ṣiṣẹ́?

ARÁNṢỌ: Ó ń ṣiṣẹ́ kẹ̀! Gbogbo fọ́tò tí mo ṣí láti àná, orúkọ mi ló wà lórí ẹ̀. Mo dé péèjì olè yẹn gan-an, mo bá orúkọ mi níbẹ̀. Mo ní, háà, ó ti ronú pìwà dà! Mo tiẹ̀ ti fẹ́ dárí jì í.

AYÀWÒRÁN: Fọ́tò àwọn ọmọ yín ńkọ́?

ARÁNṢỌ: Orúkọ mi.

AYÀWÒRÁN: Ti ọkọ aládùúgbò yín?

ARÁNṢỌ: (ó wolẹ̀) Òun náà.

AYÀWÒRÁN: Ẹ ti gba ọkọ ọlọ́kọ! Àǹtí, ara fóònù yín lorúkọ wà, kò sí nínú fọ́tò. Ẹ mú un wá.

(Ó gbé fọ́tò aṣọ ìyàwó náà sójú kọ̀ǹpútà.)

ARÁNṢỌ: Etí ìsàlẹ̀ ni kó o kọ ọ́ sí. Má fi ba aṣọ mi jẹ́.

AYÀWÒRÁN: Tí etí aṣọ ò bá wù yín, kí lẹ máa ń ṣe?

ARÁNṢỌ: Màá gé e dànù.

AYÀWÒRÁN: Olè náà mọ̀ ọ́n gé.

ARÁNṢỌ: Ó dáa! Kọ ọ́ síbi gbogbo!

(Ayàwòrán kọ ọ́ síbi gbogbo. Orúkọ ogójì. Aṣọ pòórá.)

ARÁNṢỌ: Aṣọ mi dà?

AYÀWÒRÁN: Ẹ̀yin náà lẹ dúró níwájú ẹ̀.

(Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó wá fi orúkọ kan ṣoṣo, tòun ti nọ́ńbà, sí àárín aṣọ náà, fẹ́ẹ́rẹ́ bí èémí lára gíláàsì.)

ARÁNṢỌ: Héè! Àfi bíi pé òwú ni mo fi kọ ọ́!

(Wọ́n gbé e sórí péèjì Aránṣọ. Aránṣọ ò tíì mu omi tán tí fọ́tò náà fi dé péèjì òdìkejì títì.)

ARÁNṢỌ: Ó tún ti jí i! Báyìí lo máa gbọ́ gbàmù!

(Wọ́n fetí sílẹ̀. Fóònù Aránṣọ dún. Ó wo ojú rẹ̀, ó ta gìrì.)

ARÁNṢỌ: Yéè! Èmi ni mò ń pe ara mi!

AYÀWÒRÁN: Ọ̀dà èékánná nìyẹn, Àǹtí! Ẹ gbé e!

ARÁNṢỌ: Hẹ́lò? Èmi ni... Níbo lẹ ti rí i? (ó yíjú, ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́) Oníbàárà ni! Orí péèjì olè ló ti rí aṣọ, ó ní orúkọ mi àti nọ́ńbà mi ló wà láàárín ẹ̀!

AYÀWÒRÁN: Ṣé ẹ ṣì fẹ́ kí fóònù olè bú?

ARÁNṢỌ: Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ta ni yóò wá máa bá mi polówó?

(Fóònù kankan ò bú.)