Fọ́tò Ẹṣin Baba Jagun

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé a kì í júwe ilé ẹni tó ṣì ń kó ẹrù, ṣé ẹ mọ ohun tó bí ọ̀rọ̀ yẹn? Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ará ilé Jagun kan tó kọjá. Ẹ má dárúkọ mi o!

Láníyọnu ló ń tẹ ìwé ìtàn ìlú wa. Àyọ̀ká, ọmọ Baba Jagun, ló fẹ́ fi ṣaya. Baba Jagun ní, "Tó o bá fẹ́ ọmọ mi, ṣe atọ́ka sẹ́yìn ìwé yẹn. Kí wọ́n rí orúkọ mi, kí wọ́n rí ojú ewé mi, kí wọ́n ṣí i gbà! Àlejò kì í ka ìwé tán, orúkọ baba ẹ̀ ló ń wá."

Ojú ń kán Láníyọnu. Àwọn àgbà ò tíì yẹ ìwé wò tán tó ti kọ atọ́ka. Ni Ọ̀tún bá dé.

"Oríkì baba mi dà? Àbí ọmọ àlè ni mí?"

Láníyọnu fi kún un. Gbogbo ojú ewé sún, nọ́ńbà wọn yí padà. Ó tún atọ́ka kọ. Ìyálóde dé.

"Ìyá mi bí ìbejì, o ò kọ ọ́. Ṣé ìwọ lo gbé wọn mì ni?"

Ojú ewé tún sún. Láníyọnu káwọ́ lérí. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣó ku ẹni tó tún fẹ́ bímọ sínú ìwé yìí?"

Baba Jagun fúnra ẹ̀ bá yọ, tòun ti fọ́tò ibi tó ti gun ẹṣin.

"Fi sí iwájú pátápátá. Ewé kan péré ni."

"Baba, atọ́ka ńkọ́?"

"Ṣé ẹṣin mi máa tẹ̀ ẹ́ pa ni?"

Ta ló máa bá àna jiyàn? Ó fi fọ́tò sí i, gbogbo ojú ewé tún sún, kò fọwọ́ kan atọ́ka mọ́.

Ọjọ́ ìkójáde ìwé pé. Ọ̀tún wo atọ́ka, ó ṣí ojú ewé tiẹ̀, ó kà á sókè: "Ó bí ìbejì, ó sì fún wọn lọ́mú dáadáa." Ọ̀tún, onírùngbọ̀n! Baba Jagun fi í rẹ́rìn-ín títí, ó wá na ìwé sí àlejò pàtàkì: "Ó yá, ẹ ka tèmi."

Àlejò kà á: "Olè ewúrẹ́ ni. Ọjọ́ tí ìlú lé e, ó gbàgbé ṣòkòtò."

"Láníyọnu! Ṣé ilé mi lo júwe yìí?"

Láníyọnu dọ̀bálẹ̀. "Ilé yín ni, Baba. Ẹ̀yin lẹ gẹṣin kó kúrò ńbẹ̀."

Àyọ̀ká bú sẹ́rìn-ín láàárín èrò. "Baba, ọkọ mi ò parọ́."

Ó ti pè é lọ́kọ lójú gbogbo ìlú, kí ni Baba fẹ́ wí? Ó ní kí wọ́n ṣáà lọ tún ìwé náà tẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán, òun ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà Láníyọnu, ó mú fọ́tò ẹ̀gbẹ́ kejì ẹṣin náà dání.

Láníyọnu ò tiẹ̀ gbé kálàmù. Ó ní, "Baba, ẹ jókòó. Ẹ kó dé tán ná. A kì í júwe ilé ẹni tó ṣì ń kó ẹrù."