Ọ̀jọ̀gbọ́n Kọ́kọ́rọ́ àti Ìwé Ẹnu Géètì

Ìròyìn méjì ni ó wà nílẹ̀ nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n wa. Èkíní wà lára ògiri àbáwọlé ilé-ẹ̀kọ́ òfin, nínú férémù onígíláàsì, lábẹ́ àwòrán tí ó ga ju ẹni tí ó ni ín lọ: "Ọkùnrin tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún ènìyàn mọ́kànlá tí a dá ẹ̀wọ̀n gbére fún." Èkejì kò sí lára ògiri kankan. Ẹnu obìnrin tí ó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀ ni a ti gbọ́ ọ. Ó ní: "Ọkùnrin yẹn? Kò tíì ṣí fèrèsé ara rẹ̀ rí. Èmi ni mò ń bá a ṣí i."

Wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu ọkùnrin náà.

Òun fúnra rẹ̀ ni ó fún ara rẹ̀ lórúkọ. Kọ́kọ́rọ́ wúrà kékeré kan wà ní àyà kóòtù rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí àlejò bá béèrè ohun tí ó dúró fún, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní, "Èmi gan-an ni Kọ́kọ́rọ́." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbà á bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi oríkì tì í lẹ́yìn: Ọ̀jọ̀gbọ́n Kọ́kọ́rọ́, a-bú-ramúramù-kí-àgádágodo-já, ọkọ kámẹ́rà, àna máíkì, ẹni tí ó rí tẹlifíṣọ̀n tí ó gbàgbé ibi tí ó ń lọ.

Kílíníìkì òfin ni ó ń darí. Bí ọmọ ìṣègùn ti ń kọ́ṣẹ́ lára aláìsàn tí kò lágbára oníṣègùn ńlá, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ òfin tí ó wà ní ọdún ìkẹyìn ṣe ń gba ẹjọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n gbére tí kò ní agbẹjọ́rò. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì á di ẹlẹ́wọ̀n kan mú. Wọn á ka fáìlì rẹ̀, wọn á lọ jókòó tì í, wọn á sì dúró fún un níwájú ìgbìmọ̀ ìdásílẹ̀. Iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n ni láti tọ́ wọn sọ́nà. Bí ọ̀nà náà ṣe máa ń já sí iwájú àwọn ayàwòrán ní gbogbo ìgbà, èyí kò yé ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún yìí, Bàbá Télọ̀ ló kàn. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà tí ó jókòó sídìí ọkọ̀ de àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì níwájú ilé ìtajà kan tí wọ́n wọ̀ láti jalè. Ọ̀kan nínú wọn yìnbọn pa ọlọ́dẹ ibẹ̀. Bàbá Télọ̀ kò sọ̀kalẹ̀, kò fọwọ́ kan ìbọn. Ṣùgbọ́n òfin di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ bí ìtí igi, ó sì jù wọ́n sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nìyẹn. Inú ẹ̀wọ̀n ni ó ti kọ́ṣẹ́ aránṣọ, òun ló sì ń rán aṣọ gbogbo ọgbà náà, ti wọ́dà àti ti ẹlẹ́wọ̀n. Ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Bí ìgbìmọ̀ bá sọ pé rárá, ó di ọdún márùn-ún kí ọmọ rẹ̀ tó tún lè béèrè. Ta ló lè bá ìyá náà dúró de ọdún márùn-ún?

Ọmọbìnrin tí a ń pè ní Ìyá Fáìlì, nítorí kò sí ibi tí ó ń lọ tí fáìlì kì í sí lábẹ́ apá rẹ̀, ni ó di ẹjọ́ náà mú. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí ó ga gbọọrọ, tí a ń pè ní Òpó. Odidi ọdún kan ni wọ́n fi ń lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Fáìlì náà lé ní ẹgbẹ̀rún ojú ewé. Ìyá Fáìlì kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n ránṣẹ́ pè é.

"Ọmọ mi, ta ni yóò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Èmi ni, sà. Òpó yóò ka lẹ́tà."

"Ó dára púpọ̀. Ṣé o ti gbọ́ pé tẹlifíṣọ̀n ń bọ̀?"

"Mo ti gbọ́, sà."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Èmi ni n ó sọ̀rọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ò tíì rí bàbá náà rí."

"Mo ti rí irú rẹ̀."

"Wọn ò jọra, sà."

"Ẹlẹ́wọ̀n kan náà ni gbogbo wọn. Ojú á rẹ̀, ọrùn ẹ̀wù á ti gbó. Lọ kọ kókó ọ̀rọ̀ náà sí ojú ewé kan fún mi."

Ó kọ ọ́. Ó fi bírò pupa fàlà sábẹ́ gbólóhùn kan: Kò fọwọ́ kan ìbọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ẹ̀rín gbà á, ó sì gbé ife tíì lé e. Nígbà tí obìnrin agbálẹ̀ yóò fi rí ìwé náà, òrùka tíì mẹ́ta ti wà lójú rẹ̀, èkejì sì ti jẹ gbólóhùn pupa náà tán.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Ìgbìmọ̀ ìdásílẹ̀ ní òfin kan: ẹni tí kò bá tíì jókòó ti ẹlẹ́wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ̀. Ta ló dá a lábàá? Ọ̀jọ̀gbọ́n Kọ́kọ́rọ́ ni! Ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ó kọ àpilẹ̀kọ gbígbóná kan tí ó fi na àwọn agbẹjọ́rò tí kì í mọ ojú ẹni tí wọ́n ń gbà sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ kà á, wọ́n sì sọ ọ́ di òfin. Ọ̀jọ̀gbọ́n gé àpilẹ̀kọ náà, ó fi férémù sí i. Ohun tí a bá sì ti fi férémù sí, a kì í sábà kà á mọ́.

Ọjọ́ pé. Ní ẹnu géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n, obìnrin wọ́dà kan jókòó sídìí tábìlì kúkúrú, ìwé ńlá kan wà níwájú rẹ̀: orúkọ rẹ, orúkọ ẹni tí o wá rí, aago tí o wọlé, aago tí o jáde.

"Ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹ bá wa kọ orúkọ yín."

"Ìyá, ṣé ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Rárá o, sà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ ọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín sí ayàwòrán. Bí obìnrin náà ti yíjú láti yẹ àpò kámẹ́rà wò, ó ti yọ́ kọjá bí ẹni tí géètì bí.

"Ọ̀gá ti wọlé láìkọ nǹkan kan," ni Òpó wí.

"Kọ tìẹ, jàre," ni Ìyá Fáìlì dá a lóhùn.

Nínú gbọ̀ngán, ọkùnrin kan tí ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú dìde láti kí i. Kóòtù náà jókòó lára rẹ̀ débi pé Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹni tí ó mọyì aṣọ, tẹrí ba díẹ̀ kí ó tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà. Ìgbìmọ̀ yín ń ṣe bẹbẹ."

"Ẹ ṣé, sà," ni ọkùnrin náà wí. Kí ni ìbá tún sọ?

Alága ìgbìmọ̀ jẹ́ adájọ́ àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin tí awò ojú rẹ̀ máa ń sọ̀kalẹ̀ sórí imú nígbà tí ọ̀rọ̀ kò bá dùn mọ́ ọn. Ó ní kí agbẹjọ́rò bẹ̀rẹ̀. Iná pupa kámẹ́rà tàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n na kọ́kọ́rọ́ àyà rẹ̀ síwájú.

"Ọlọ́lá, èmi àti ọkùnrin yìí ti di ìka àti èékánná. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mò ń wá jókòó tì í. Mo ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ kan náà tí ó yìnbọn lọ́jọ́ burúkú èṣù gbomi mu yẹn..."

Lórí àga ẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n Bàbá Télọ̀ obìnrin fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ó ti ń pariwo pé àbúrò òun kò yìnbọn. Agbẹjọ́rò rẹ̀ ló wá gbé ìbọn lé e lọ́wọ́ yìí.

Awò ojú alága sọ̀kalẹ̀. "Ọwọ́ tí ó ṣe kí ni?"

"Tí ó yìnbọn, Ọlọ́lá. Kò fi pa mọ́ fún mi. Ó sunkún lé mi léjìká."

"Nígbà wo?"

"Àìmọye ìgbà."

Alága fa ìdì ìwé kan sún mọ́ra. "Ẹ̀dà ìwé ẹnu géètì rèé, títí di àná. Mo rí orúkọ ọmọbìnrin kan lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélógún. Mo rí ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélógún. Tiyín dà, Ọ̀jọ̀gbọ́n?"

"Ọlọ́lá, ojú lásán ni wọ́n fi ń mọ̀ mí ní géètì."

"Òfin sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Mo sì rántí ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí dé egungun nígbà náà. Ṣùgbọ́n a ó dẹ òfin náà fún yín lónìí. Ẹ kàn lọ fọwọ́ lé èjìká ọ̀rẹ́ yín fún wa."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo àga iwájú. Ọkùnrin méjì péré ló jókòó níbẹ̀. Ọ̀kan ni ọlọ́lá tí ó wọ kóòtù eérú. Ọ̀kan ni ọkùnrin tínrín kan tí ojú rẹ̀ rẹ̀, tí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ sì ti gbó. Irú rẹ̀ gan-an nìyẹn! Ó na apá méjèèjì, ó gbá a mọ́ra.

"Arákùnrin mi!"

"Ẹ má bínú, sà," ni ọkùnrin náà wí, "máíkì ni mo wá tún ṣe."

Máíkì náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ṣe é tán, nítorí náà gbogbo gbọ̀ngán ni ó gbọ́ ọ, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn wọ́dà tí ó wà lóde.

Ọlọ́lá inú kóòtù eérú gbé ìka sókè wẹ́rẹ́. "Èmi ni, sà. A ti bọwọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀."

Ẹ̀rín bú. Ayàwòrán, ẹni tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti bẹ̀ títí pé kí ó má ṣe jìnnà sí ojú òun, gbọ́ràn: ó sún mọ́ ọn, ó sún mọ́ ọn sí i.

"Ẹ jókòó, sà," ni alága wí. "Ta ló mọ ọkùnrin yìí?"

Ìyá Fáìlì dìde. Kò ṣí fáìlì.

"Inú ọkọ̀ ló wà, Ọlọ́lá. Ojú ewé igba lé mẹ́wàá: àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ló kọ ọ́ síbẹ̀. Ọmọ ọlọ́dẹ tí ó kú kọ lẹ́tà, Òpó yóò kà á. Ó ní kí Bàbá Télọ̀ máa lọ sílé, pé òun náà fẹ́ sinmi. Ẹ̀gbọ́n wọn ti fi yàrá kan sílẹ̀, mo lọ wò ó: fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ti ìyá wọn."

Lẹ́yìn tí Òpó ka lẹ́tà tán, alága yíjú sí Bàbá Télọ̀. "Bí a bá ní kí ẹ máa lọ, kí ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe?"

"Ìyá mi ò ríran dáadáa mọ́, Ọlọ́lá. Mo fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn mí lójú, kí wọ́n sọ bóyá èmi ni."

Ìgbìmọ̀ wọ yàrá kejì. Wọn kò pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọ̀rọ̀ méjì ni alága sọ: "Ó tó." Lẹ́yìn náà ni ó fọwọ́ sí ìwé. Nínú ọgbà yẹn, ẹni tí ìgbìmọ̀ bá ti tú sílẹ̀, wọn kì í kà á mọ́ àwọn yòókù ní ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ náà gan-an ni yóò lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fara pamọ́ sí ilé ìyàgbẹ́ títí ohùn àwọn oníròyìn fi jìnnà. Nígbà tí ó yọ dé ẹnu géètì, Bàbá Télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ buwọ́ lùwé jáde ni.

"Orúkọ yín, sà?" ni obìnrin wọ́dà bi í.

Ó sọ ọ́, tòun ti gbogbo oyè tí ó so mọ́ ọn. Obìnrin náà fi ìka tọ ojú ewé láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Kò sí níbí."

"Àárọ̀ yìí ni mo wọlé! Ẹ rí mi!"

"Mo rí ẹ̀yìn yín, sà. Ẹni tí kò wọlé nínú ìwé kò lè jáde nínú ìwé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹ kì í ṣe ara àwọn tí a fẹ́ kà nírọ̀lẹ́?"

"Èmi? Ṣé mo jọ ẹlẹ́wọ̀n ni?"

"Ẹni tí ó jáde níwájú yín yẹn, sà, ṣé ó jọ ọ́?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ àyà rẹ̀.

"Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà," ni obìnrin náà wí, ó tẹ bírò rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹni tí ẹ wá rí gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé òun mọ̀ yín. Ta ni ẹ wá rí?"

Lóde, Ìyá Fáìlì ti ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀. Bàbá Télọ̀ fẹ́ wọkọ̀, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ojú ti irin géètì, kọ́kọ́rọ́ wúrà rẹ̀ ń lu irin náà kò-kò-kò, kò sì ṣí nǹkan kan. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó di ohùn ẹni tí kò ní máíkì lọ́wọ́.

"Bàbá... ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ẹ mọ̀ mí."