Iná Orí Òrùlé Bàbá Mojí

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn? Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé wọ́n ti ń pa á kí iná mànàmáná tó dé. Ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni? Ta ló ń sọ ìtàn, èmi àbí ẹ̀yin?

Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tí à ń pè ní Bàbá Mojí. Ọlọ́yàyà ni, àmọ́ kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní lóun mọ̀. Ìyá Mojí, ìyàwó rẹ̀, ń ta ẹja inú yìnyín. Inú fírísà kan ṣoṣo tó wà ní pálọ̀ ni gbogbo òwò rẹ̀ wà. Bí iná bá lọ pẹ́ lórí fírísà yẹn, òwò ti bàjẹ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Bàbá Mojí ra glóòbù ràgàjì kan, ó gbé e sórí òrùlé gan-an, kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé iná ń bẹ nílé òun. Bó ṣe tàn án báyìí, páù! Fíùsì jó. Ó fi òmíràn sí i, ìyẹn náà jó.

"Bàbá Mojí, ẹ yọ glóòbù yẹn, kẹ́ ẹ pe oníná," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹja mi ti ń yọ́ o!"

"Oníná wo? Ọ̀lẹ ni fíùsì tó bá ń jó. Màá wá alágbára síbẹ̀."

Ló bá gé wáyà kan tó ki pọ́pọ́, ó fi dípò fíùsì. Iná dé, fírísà ń kùn, glóòbù ń tàn yòò. Ìyá Mojí kí i kú iṣẹ́, ó gba ọjà lọ. Bàbá Mojí bọ́ ẹ̀wù, ó nà sórí àga lábẹ́ fáànù, oorun sì gbé e lọ.

Lóòótọ́, alágbára kò jó. Àṣé bí fíùsì bá kọ̀ tí kò jó, nǹkan mìíràn ni yóò bá a jó. Wáyà inú àjà ló bẹ̀rẹ̀.

Músílíù, onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì, ló kọ́kọ́ rí èéfín. Ó sáré wá sójú fèrèsé.

"Bàbá Mojí! Iná wà lórí òrùlé yín!"

Bàbá Mojí kò tilẹ̀ lajú. "Mo mọ̀. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀."

"Ẹ gbé kí ni? Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká pa á!"

"O ò gbọdọ̀ pa á! Jẹ́ kó máa tàn. Ìlara ò dáa, Músílíù."

"Ó ti ń tàn dé gbogbo àjà o!"

"Ṣé o rí i? Ojúlówó ni mo rà." Ó yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Ìgbà tí páànù kan já lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ló tó fò sókè, tó gba ojú fèrèsé jáde tòun ti ṣòkòtò nìkan. Ọpẹ́lọpẹ́ Músílíù tó ti sáré lọ pa súwíìṣì ńlá ìta. Àwọn ará àdúgbò gun àkàbà, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ bo iná náà títí ó fi kú.

Ìyá Mojí dé, ó bá ojú ọ̀run ní pálọ̀. Ó sáré lọ ṣí fírísà. Ẹja ṣì dì gbagidi! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó kó ẹja fún Músílíù. Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Mojí, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn!"

Bàbá Mojí gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lórí. "Iná wo lò ń wí? Èyí tó ń tàn ni, àbí èyí tó jó?"

"Méjèèjì!"

Ìdí rẹ̀ rèé o. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ dúró sí pálọ̀ Bàbá Mojí nígbà òjò. Ìbáà ṣe èyí tó ń jó, ìbáà ṣe èyí tó ń tàn, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.