Erinmi Mọ́kànlá ti Dókítà Bámgbóyè

Bí ẹ bá rí Dókítà Bámgbóyè ní àdúgbò Fájuyì ní Adó-Èkìtì lọ́dún 1998, ẹ ó rò pé inú odò ni wọ́n bí i sí. Fìlà ọdẹ lórí, awò tí wọ́n fi ń wo ẹyẹ lọ́kèèrè lọ́rùn, bàtà rọ́bà títí dé orúnkún. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Fúnra rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ joyè: Amòdò-bí-àtẹ́lẹwọ́, Ọ̀rẹ́ Ẹja, Ọba Àkèré.

Àmọ́ Monínúọlá tó ń bá a ṣiṣẹ́ mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé ni ọ̀gá òun, kì í ṣe ọ̀mùwẹ̀. Ọ̀mùwẹ̀ ní í bómi lọ; ọ̀mọ̀wé á wà ní hòtẹ́ẹ̀lì, á máa jẹ ìgbín.

Oṣù méjì ni Monínúọlá fi wọ́dò láti Ìyìn dé Ìgèdè, tí eṣúṣú ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ka ẹja, ó ka akàn, bí ìjọba ní Àbújá ṣe ní kí wọ́n ka ohun tó wà nínú odò. Ohun tó rí bà á nínú jẹ́: àwọn kan ń da oògùn kòkó sómi láti fi pa ẹja, omi yẹn náà sì làwọn ará abúlé ń pọn mu. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀gá kà á, ó yọ ṣùtì ètè.

"Òkú ẹja? Ta ni yóò fún èèyàn ní jíìpù nítorí òkú ẹja? Kọ erinmi."

"Erinmi kẹ̀, sà? N ò rí ìkankan."

"Torí o kì í ṣe dókítà ni. Kọ mọ́kànlá. Mẹ́wàá á jọ irọ́."

Ìwé erinmi mọ́kànlá dé Àbújá. Kò pẹ́, àlejò mẹ́ta ti ibẹ̀ dé gbọ̀ngàn ìlú ní Ìgèdè láti wá wo erinmi. Monínúọlá jókòó sẹ́yìn, ó ń rò ó: bó bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ lọ, bó bá dákẹ́, májèlé ni àwọn ará abúlé ó máa mu lọ.

"Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí wọn!" ni Dókítà ń wí. "Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ pa ọ̀kan lórí!"

Ìyá Ìdòwú, tó ti ń rẹ gbágùúdá lódò náà láti ogún ọdún, dìde. "Dókítà, omi ulé wa yìí ò mù mí dé orúnkún. Ṣé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wẹ̀ ni?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àgbà inú àwọn àlejò ní, "Dókítà, ẹ ṣáájú, ẹ mú wa débẹ̀."

Dókítà gbé àyà síwájú, ó yà sọ́tùn-ún, ó kó wọn dé ẹ̀yìn ilé ìgbẹ́ ọjà.

"Apá òsì ni odò wà, sà," ni Monínúọlá wí. Kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe débẹ̀, awọ́nrínwọ́n kan, tó dà bí aláǹgbá ńlá, yọrí nínú koríko.

"Ọ̀nì!" Dókítà fò sẹ́yìn, ó ṣubú yakata sódò. "Ẹ gbà mí! Omi ń gbé mi lọ o!"

Omi náà ò bo ìdí rẹ̀.

"Ẹ rọra o," ni Ìyá Ìdòwú wí, "kẹ́ ẹ má tẹ erinmi mọ́lẹ̀!"

Ẹ̀rín pa gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n àgbà àlejò ò rẹ́rìn-ín. Òkú ẹja tó ń léfòó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dókítà ló ń wò. Ó yíjú sí Monínúọlá: "Ìwọ lo mọ̀nà odò. Kí lo rí níbí?"

Nígbà tí wọ́n ń padà sí Adó, iwájú ọkọ̀ ni Monínúọlá jókòó, ó ń ròyìn oògùn kòkó inú odò fún àwọn àlejò. Dókítà wà lẹ́yìn, omi ń ro tó, tó, tó lára rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì bi í ní ọ̀rọ̀ kan.