Ìpara Tí Mo Fi Wọ Omi Màmá

Ọjọ́ kan wà tí kò lè tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ ti sa gbogbo ipá mi láti gbàgbé rẹ̀. Ọjọ́ tí mo lúwẹ̀ẹ́ nínú omi mímu ni. Kì í ṣe pé n kò mọ̀ pé omi mímu ni o. Mo mọ̀. Ọgbọ́n àgbọ́njù ló ń dà mí láàmú.

Amẹ́ríkà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Lọ́dún náà, kí n tó wálé fún Kérésìmesì, èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ najú ní Mẹ́síkò. Àwọn ihò ńlá kan wà níbẹ̀ tí ilẹ̀ já sí, tí omi tútù tó mọ́ gaara kún inú wọn. Àwọn ẹ̀yà Máyà ló ni wọ́n láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pọnmi mu, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ òjò. Bàbá arúgbó kan, ọmọ Máyà, ló mú wa débẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìpara wọ omi náà, kí oníkálukú lọ ṣanra ná. Ó sun tùràrí, ó bá omi sọ̀rọ̀, ó tọrọ àyè fún wa. Èmi ọmọ Odò-Orò tẹrí ba. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣanra, kí wọ́n má baà sọ pé n kò lẹ́kọ̀ọ́.

Àwa náà ní ihò omi tiwa ní Odò-Orò, lẹ́yìn oko kòkó. Àpáta ló yí i ká, kò sì sẹ́ni tó mọ bó ṣe jìn tó. Láti kékeré la ti mọ èèwọ̀ rẹ̀: a kì í wẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá wẹ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í pọn ún mọ́, àfi bí òjò bá kún un títí tó fi ṣàn kọjá etí àpáta. Ẹ̀rọ omi ti wà nígboro báyìí, ṣùgbọ́n Màmá, ìyá tó bí bàbá mi, kì í mu omi mìíràn. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ó ní omi ẹ̀rọ ń ta bí irin lẹ́nu òun.

Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo pinnu pé n ó ya ara mi sínú fóònù nínú omi wa, kí àwọn ará Amẹ́ríkà lè mọ̀ pé àwa náà ní. Ojú tó ti rí òkun kì í bẹ̀rù ọ̀sà, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi. Mo gbé fóònù ka orí àpáta. Mo wọ ṣòkòtò ìlúwẹ̀ẹ́ tí mo rà ní Mẹ́síkò. Mo wá fi ìpara tí òyìnbó fi ń sá fún oòrùn kun gbogbo ara, èmi tí oòrùn Èkìtì ti sè jinná láti ọmọdé. Mo bẹ́ sómi.

Òtútù gbá mi láyà, iṣan fà mí lẹ́sẹ̀. Mo nawọ́ gán gbòǹgbò kan, gbòǹgbò já, ó gbá fóònù sínú omi. Mo rì tẹ̀ lé fóònù, gbòǹgbò mìíràn há mọ́ ṣòkòtò mi, ó ya á láti ìdí dé ibi tí n kò lè sọ. Nígbà tí n ó fi yọrí, ìpara ti léfòó lójú omi bí epo lójú ọbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tí àwọn obìnrin dé.

Ìyá Rísì ló ṣáájú, aládùúgbò wa tó ń pọnmi fún Màmá láràárọ̀.

"Àúsùbílláì! Ta rèé nínú omi tí à ń mu?"

"Ẹ kú àárọ̀ mà. Èmi ni, ọmọ-ọmọ Màmá."

"Ti Amẹ́ríkà? Jáde kíá!"

"N kò lè jáde mà. Ṣòkòtò mi ti ya."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi ju ìborùn rẹ̀ sí mi. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, òmùgọ̀ ni mí. Ìyá Rísì wo ojú omi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo rẹ̀ sórí, ó ní, "Kí ni n ó wí fún Màmá bí mo bá dé ulé báyìí?"

Mo ra omi inú ọ̀rá. Màmá fi kan ẹnu, ó ní ó ń rùn. Mo ra ti inú ike, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mo wakọ̀ dé ìlú Òsì lọ bu omi ìsun, mo purọ́ pé tiwa ni.

Ó tọ́ ọ wò. "Èyí kì í ṣe tiwa."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, Màmá?"

"Ùwọ tí kò mọ omi ulé bàbá rẹ ni yóò bi mí." Ó gbé ife sílẹ̀. "Ihò omi Mẹ́síkò tí o ń ròyìn fún wa yẹn, ṣé wọ́n jẹ́ kí o fi ìpara wọ omi wọn?"

"Rárá, Màmá. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ ṣanra."

"O sì ṣanra?"

"Mo ṣanra, Màmá."

"O káre."

Ìbá ṣe pé ó bú mi, ìbá sàn fún mi.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kìíní. Màmá kú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ogbó ni. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ̀ pé ogbó ni. Mo sì mọ̀ pé láti ọjọ́ náà, omi tó ń mu kò tó nǹkan mọ́. Inú bí mi sí ara mi, ó ṣì ń bí mi dòní.

Mo tún wálé wá sin ín. Bí a ṣe sin ín tán ni òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, ihò wa kún, ó ṣàn kọjá etí àpáta. Mo bá Ìyá Rísì lọ. Ó ní kí n kọ́kọ́ fi omi ẹ̀rọ fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi lókèèrè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọ̀ wọ́n. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ẹni tó bá ń tẹrí ba fún omi àlejò, ó yẹ kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún ti ilé rẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà dé, Màmá kò sí níbẹ̀.

Mo pọn kẹ́ẹ̀gì kan, mo rù ú délé, mo bu omi sínú ife Màmá, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo ké pé, "Màmá, omi yín rèé o!" Ìgbà tí n kò gbọ́ ìdáhùn ni mo rántí. Ẹ̀rín pa mí, mo jókòó ti kẹ́ẹ̀gì náà, mo rẹ́rìn-ín títí Ìyá Rísì fi wá gba ife lọ́wọ́ mi.