Okùn Kò Yẹ Ẹja-ńlá

Ẹ bá mi kí Ẹja-ńlá, ọkọ omi, àna òkun, amòòkùn-bí-ẹni-ń-wọ-yàrá! Kì í ṣe èmi ni mo fún un ní oríkì yìí o. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára agolo afẹ́fẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń kọ ẹ̀yìn sí èèyàn kí wọ́n lè ráyè kà á.

Kò sẹ́ni tó ní kò mọ omi wọ̀. Bí wọ́n ṣe ń kó ẹrù jáde níbẹ̀ ni kò mọ̀. Tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ti bá omi lọ. Ọ̀bẹ lọ. Ẹsẹ̀ kan bàtà pẹ́pẹ́yẹ tó fi ń lúwẹ̀ẹ́ náà lọ, lọ́jọ́ yẹn ńṣe ló ń pòòyì títí ó fi dé ẹ̀bá ọkọ̀. Bí ẹ bá bi í, á ní ìgbì ló gbé e, tàbí pé àwọn tó ṣe é ni kò ṣe é dáadáa.

Ìyàwó rẹ̀ mọ gbogbo àwáwí yìí sórí. Onífọ́tò ni, fọ́tò abẹ́ omi ló sì fi ń jẹun. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ló ní, nínú àpótí ike tí omi kì í wọ̀, ó sì máa ń ṣan iyọ̀ kúrò lára rẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ ọwọ́. Ilé ìwé kan ti bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ọjọ́ Mọ́ńdè ló sì máa bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àyà rẹ̀ fi já nígbà tí ọkọ rẹ̀ ní òun fẹ́ yá kámẹ́rà náà ní Sátidé.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, olówó orí mi?"

"Mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ tuntun inú ẹgbẹ́ amòòkùn wa bí èèyàn ṣe ń ṣọ́ ẹrù rẹ̀ lábẹ́ omi."

Ìyàwó wò ó títí. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó fi ikọ́ bò ó. Ọ̀fìnkìn ń dà á láàmú lóòótọ́, kò sì ní lè tẹ̀lé e wọ omi, torí ẹni tí imú rẹ̀ dí tó bá mòòkùn, etí rẹ̀ ni yóò jìyà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ so okùn rẹ̀ mọ́ àyà yín."

"Okùn? Èmi? Ṣé ewúrẹ́ ni mí ni? Okùn á hàn nínú fọ́tò!"

"Fóòmù pupa yìí ńkọ́? Tí kámẹ́rà bá bọ́, á léfòó."

"Kí n gbé fóòmù kiri bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́? Màmá wọn, ohun tó bá ti wà lọ́wọ́ mi, kò tún lọ síbì kankan mọ́!"

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Nígbà tí ọkọ wọ balùwẹ̀ lọ gé irùngbọ̀n tí àwọn ẹja fẹ́ wò, ìyàwó tú ìdí ọwọ́ tí wọ́n fi ń di kámẹ́rà náà mú. Inú rẹ̀ ṣófo. Ó ki fóòmù mìíràn sí i títí kò fi gbà mọ́, ó dé e padà, ó sì gbé e sínú báàfù omi. Kámẹ́rà léfòó. Obìnrin náà mí kanlẹ̀.

Ní Sátidé, ọkọ̀ gbé tọkọtaya náà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró lórí omi. Ìyá Ẹgbẹ́, tó ti ń mòòkùn kí Ẹja-ńlá tó hu irùngbọ̀n, jókòó níwájú. Òun ló máa yan ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ tuntun, ipò yìí sì ni Ẹja-ńlá ń wá lójú méjèèjì.

"Ẹrù kì í dédé sọ nù," Ẹja-ńlá bú ramúramù. "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ ló ń sọ ọ́ nù!"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́.

"Okùn ńkọ́, sà?" ni ọ̀kan nínú wọn, oníṣègùn eyín, bèèrè.

"Okùn wà fún ẹni tí kò gbẹ́kẹ̀ lé ara rẹ̀."

"Ẹja-ńlá," Ìyá Ẹgbẹ́ ní, "dúró de ẹnì kejì rẹ o. A kì í dá..."

Jàbú! Ẹja-ńlá ti wọlé àna.

Kò pẹ́ rárá tí nǹkan fi yọ lójú omi lẹ́yìn ọkọ̀. Ìyàwó ló kọ́kọ́ rí i. Kámẹ́rà rẹ̀ ni, ó dojú délẹ̀, iná pupa ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ó ṣì ń ya fídíò lọ. Ó fi ọ̀pá fà á, ó gbá a mọ́yà bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti ìrìn àjò dé. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló tó rántí ọkọ.

Wọ́n wo omi. Èémí Ẹja-ńlá ń hó pútúpútú lókè ibi tó wà, ó lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn.

"Kò sóhun tó ṣe é," ni Ìyá Ẹgbẹ́ wí. "Ó ń wá nǹkan ni."

Ìyàwó fi táwẹ̀lì bo kámẹ́rà. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu rẹ̀ ná."

Nígbà tó yá, Ẹja-ńlá yọrí.

"Ẹja ni àbí àkàn?" Ìyá Ẹgbẹ́ bi í.

"Ẹja ni o! Ẹja tó tó ọkọ̀ yìí! Ó fi ẹnu gba kámẹ́rà mú, mo gba òun náà nírù mú. Ó jù mí lókè, mo jù ú nílẹ̀!"

"Kámẹ́rà mi wá ńkọ́?"

"Ẹ̀mí mi ni kí o máa dúpẹ́ fún, Màmá wọn! Ó ti gbé e mì. Mo gbọ́ ọ bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ́fun rẹ̀."

"Ṣùgbọ́n ẹ dì í mú dáadáa?"

"Ọwọ́ méjèèjì! Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá!"

Irọ́ ọkọ rẹ̀ ti mọ́ obìnrin yìí lára. Ṣùgbọ́n pé kò tilẹ̀ rántí iṣẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè, èyí dùn ún wọ eegun. Ká ní ó sọ pé, "Má bínú, ó bọ́ lọ́wọ́ mi," ilé ni ì bá ti fún un lésì. Ó ká táwẹ̀lì kúrò, ó sì tan fídíò náà.

Gbogbo wọn kó orí jọ sójú kámẹ́rà. Ẹja-ńlá nìyẹn, ó kọjú kámẹ́rà sí ara rẹ̀. Ó yọ ohun tó fi ń mí kúrò lẹ́nu kó lè fi eyín hàn, ó fọwọ́ tún irùngbọ̀n ṣe. Ó wá na ọwọ́ méjèèjì sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tí ayé ń pàtẹ́wọ́ fún.

Láti ibẹ̀, ńṣe ló ń kéré sí i, torí kámẹ́rà ń gòkè lọ. Ọ̀gá wo ìsàlẹ̀. Ó ṣí òkúta kan, ó ṣí òmíràn, ó na ìka sí alákàn kan bí ọlọ́pàá tó ń bi olè léèrè ọ̀rọ̀. Kò wòkè lẹ́ẹ̀kan. Ẹja kan tí kò tó àtàǹpàkò sáré kọjá.

"Ẹ dúró!" oníṣègùn eyín kígbe. "Ṣé òun nìyẹn, sà?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ da ọkọ̀ dé.

"Ìgbì ló..." Ẹja-ńlá bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, tísà," Ìyá Ẹgbẹ́ dá a lẹ́nu. "Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti rí bí wọ́n ṣe ń sọ ẹrù nù. Ìwọ tó ń dá wọ omi, o ò ní wọ̀ ọ́ mọ́ lónìí láìsí okùn lára."

Àṣejù, baba àṣetẹ́! Ìyàwó mú okùn àti fóòmù pupa láti inú báàgì rẹ̀. Ó so okùn mọ́ ìgbànú ọkọ rẹ̀, ó ta á ní kókó méjì.

"Ẹ má bínú, olówó orí mi," ó ní. "Ẹrù kì í dédé sọ nù."

Bẹ́ẹ̀ ni Ẹja-ńlá ṣe bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ padà sómi, ó wà láàárín wọn, fóòmù pupa sì ń tẹ̀ lé e lókè, tó ń júwe rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ìyàwó ya fóòmù náà ní fọ́tò. Ó ṣì wà lára ògiri ilé ẹgbẹ́ dòní, nínú férémù, ọ̀dà pupa ni wọ́n sì fi kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ẹja-ńlá, ọkọ omi.