Koríko Brigid Lẹ́nu Ọ̀nà Màmá Attracta

Ilẹ̀ ń ṣú lọ, òjò winniwinni ń rọ̀ bó ṣe máa ń rọ̀ lágbègbè Mayo, Màmá Attracta Geraghty sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó ń se ọ̀dùnkún. Alẹ́ tí Brigid Mímọ́ máa ń kọjá láti bù kún ilé àti ẹran ọ̀sìn nìyí, ṣùgbọ́n abẹ́ tábìlì tí koríko rẹ̀ máa ń wà ṣófo gbáú, nítorí Malachy, ọkọ màmá, tó máa ń gbé e wọlé lọ́dọọdún, ti kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Màmá ń bínú sí Malachy díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tó ti ń bínú lọ́wọ́ ni ẹnì kan ti kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá Àgbà. Lorcan ni."

Màmá gbé ṣíbí igi sílẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Lorcan, ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Dublin. Ó ti fi Ìjọ Àgùdà sílẹ̀, ó ní ìṣe àwọn Kélítì, àwọn baba ńlá òun, ni òun padà sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Malachy, kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdí ògiri ló dúró sí níta, lójú gbogbo ayé. Ọjọ́ yẹn ni màmá búra pé kò ní tẹ ilé òun mọ́ títí yóò fi lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ó sì rí i pé kò sẹ́ni tí kò gbọ́ lábúlé.

"Ṣé o ti lọ jẹ́wọ́?"

"Rárá, Màmá."

"Ó dàárọ̀ o."

"Màmá, ẹ dúró! Koríko ni mo gbé wá. Koríko àbàtà, fún Brigid!"

Màmá rọra ká kọ́tìnnì ojú fèrèsé sókè. Lorcan ló dúró sínú òjò lóòótọ́: ó da aṣọ òtútù aláwọ̀ ewé bora títí dé kókósẹ̀, ó fi pín-ìnnì tó tóbi tó ọmọrí ìkòkò há a ní àyà, ó gbá ìdì koríko kan mọ́ra. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lásán.

"Ta ló jí bàtà ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó jí i, Màmá. Ẹsẹ̀ lásán làwọn baba ńlá wa fi ń lọ síwájú Brigid."

"Bàtà òjò ni bàbá ẹ àgbà ń wọ̀ lọ já koríko yẹn. Òtútù máa pa ọ́ síbẹ̀."

"Ẹ ṣílẹ̀kùn nígbà yẹn."

"Mo ní òtútù máa pa ọ́. Mi ò ní kó o wọlé."

Ó jẹ́ kí kọ́tìnnì bọ́ padà. Ṣùgbọ́n kò kúrò nídìí ilẹ̀kùn.

"Brigid wo lo tiẹ̀ gbé koríko yẹn wá fún? Ṣé Brigid Mímọ́ tiwa, àbí òrìṣà tẹ́ ẹ hú jáde ní Dublin?"

"Ẹnì kan náà ni, Màmá! Òrìṣà ni kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé. Àwọn Fada ló gbà á mọ́ wa lọ́wọ́, tí wọ́n wọ aṣọ sísítà fún un."

"Ṣé aṣọ ọ̀hún ò bá a mu ni?"

"Wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni! Òrìṣà ńlá, wọ́n sọ ọ́ di ẹni mímọ́ lásán!"

"Ẹni mímọ́ lásán. Ó dáa. Ó ń ṣe òrìṣà, ó ń ṣe ẹni mímọ́, ó ń tọ́jú màlúù, ó ń wo ẹ̀fọ́rí. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn obìnrin yẹn. Kí ló wá dé tó o fi dá a dúró sínú òjò?"

"Ṣé èmi ni mo ti ilẹ̀kùn ni?"

Màmá lọ ro ọ̀dùnkún lẹ́ẹ̀kan, ó padà wá. Bí koríko ò bá wọlé lálẹ́ yìí, Brigid á ré ilé kọjá, bẹ́ẹ̀ màlúù pupa tó wà ní ẹ̀yìnkùlé máa bímọ láìpẹ́. Àṣà ni pé ẹni tó gbé koríko á kan ilẹ̀kùn níta, ará ilé á sì dá a lóhùn. Bí koríko bá sì wọlé, ẹni tó gbé e ńkọ́? Ìbúra ni ìbúra.

"Mo ti rí ọgbọ́n ta sí i. Gbé koríko sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kó o máa lọ. Mo máa jáde wá kan ilẹ̀kùn fúnra mi, màá sáré gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, màá sì dá ara mi lóhùn."

"Kí lẹ sọ?"

"Kí ló ṣòro ńbẹ̀? Mo ti fi dánra wò lọ́sàn-án."

"Ó ṣeé ṣe?"

"Mo kan ilẹ̀kùn dáadáa. Mo sáré gba ẹ̀yìnkùlé. Àmọ́ orúnkún yìí ò jẹ́ n tètè dé, nígbà tí mo sì wọlé, mo ti gbàgbé pé èmi ni mo kàn án. Mo wá dúró sáàárín ilé, mò ń pariwo pé ta nìyẹn, ta nìyẹn."

Lorcan bú sẹ́rìn-ín níta. Màmá fi eyín tẹ ètè rẹ̀ kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu òun náà.

"Pa ẹnu dé. Tá a bá máa ṣe é, ká ṣe é bó ṣe yẹ. Yí ilé ká kó o tó kàn án."

"Mo mọ̀ ọ́n, Màmá. Mo ti kọ́ gbogbo ẹ̀!"

Màmá tẹ́tí. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ń dún pẹ́ẹ́, pẹ́ẹ́, pẹ́ẹ́ nínú omi. Lẹ́yìn náà, garawa kan dún gbàngàn. Apá ibi ilé adìẹ ni garawa yẹn wà. Màmá fọwọ́ lérí.

"Dúró! Dúró síbẹ̀ yẹn! Ọ̀nà wo lo gbà?"

"Mò ń yí ilé ká ni!"

"Ọwọ́ òsì ẹ ló wà lápá ilé! Ẹni tó fẹ́ gbé ẹnì kan ṣépè ló ń rìn bẹ́ẹ̀! Ọwọ́ ọ̀tún, bí oòrùn ṣe ń rìn!"

"Oòrùn ti wọ̀, Màmá! Mi ò rí ibi tó gbà!"

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní oòrùn làwọn baba ńlá ẹ ń bọ? Fẹ̀yìn rìn padà, kó o tú èyí tó o ti rìn!"

Ẹsẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún, jẹ́ẹ́jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó dún, ó dún, ó wá di ariwo kan ṣoṣo, pọ́tọ́, bí ìgbà tí nǹkan ńlá bá jókòó sínú nǹkan rírọ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Ìgbẹ́ màlúù ni, Màmá."

"Koríko ńkọ́?"

"Mo gbé e sókè. Kò kan ohunkóhun. Èmi nìkan ni mo wà nínú ẹ̀."

"O ṣeun. Ohun tí àwọn baba ńlá ẹ ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ nìyẹn. O ti dé ọ̀dọ̀ wọn."

Lorcan dìde, ó gba ọ̀nà tó tọ́, ó yí ilé ká, ó padà dé ẹnu ọ̀nà, ó ń mí gúlegúle. Ó kan ilẹ̀kùn. Ó gbé ohùn sókè bí Malachy ṣe máa ń ṣe é gẹ́lẹ́:

"Ẹ kúnlẹ̀, ẹ la ojú yín, ẹ jẹ́ kí Brigid wọlé!"

Ó yẹ kí màmá dáhùn pé ó káàbọ̀. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ náà bá ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ báyìí, àfi kó ṣílẹ̀kùn.

"Ìwọ náà kúnlẹ̀ ná."

"Màmá, mi ò kúnlẹ̀ mọ́ látìgbà tí mo ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ojú kan tó o dúró sí yẹn ni Malachy ń kúnlẹ̀ sí, tòun ti làkúrègbé."

Lẹ́yìn náà màmá gbọ́ orúnkún méjì lórí òkúta, àti ẹnì kan tó ń ráhùn pé òkúta náà tutù.

"Bó o ṣe wà lórí ìkúnlẹ̀ yẹn, jẹ́ n bi ọ́. Kí ló dé tó ò fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá ẹ àgbà? Má purọ́ fún mi."

"Mò ń sunkún ni, Màmá."

"Gbogbo wa là ń sunkún."

"Mò ń sunkún, inú sì tún ń bí mi. Mi ò gba ohun tí Fada ń sọ lórí pẹpẹ gbọ́ mọ́. Tí mo bá jókòó síbẹ̀, tí mò ń dáhùn Àmín, irọ́ ni mò ń pa, ojú òkú Bàbá ni mo sì ti ń pa á. Bàbá ò purọ́ fún mi rí. Ni mo bá dúró síta. Nígbà tí wọ́n gbé e kọjá, mo fọwọ́ kan pósí. Mo ní kó má ronú, èmi máa gbé koríko wọlé fún yín."

Màmá fi iwájú orí ti ilẹ̀kùn. Àárò ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ gan-an. Ó ti rò pé òun nìkan ló rántí koríko.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Agídí ni. Ẹ ti fi ọ̀rọ̀ mi pariwo kiri abúlé, èmi náà wá ní mi ò ní pè yín lórí fóònù. Mo dójú tì yín, Màmá. Ẹ má bínú."

"Kí ló tún kù?"

"Kéèkì Kérésìmesì tẹ́ ẹ tọ́jú fún Fada lọ́jọ́sí. Ajá kọ́ ló jẹ ẹ́."

"Mo mọ̀. Ajá kì í lo fọ́ọ̀kì. Kí ló tún kù?"

"Mo sọ níbi iṣẹ́ pé ẹ ti kú, kí n lè rí ìsinmi gbà."

"O pa mí! Ẹ̀ẹ̀kan péré?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, Màmá."

"Wọn ò bi ọ́ bí mo ṣe tún kú?"

"Mo ní ìyá bàbá mi lèyí."

Màmá nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí épírọ́ọ̀nù.

"Kan ilẹ̀kùn."

Lorcan kàn án. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, bóyá torí òtútù ni, bóyá torí òtútù kọ́. Màmá ò dúró kí ó sọ ọ́ tán.

"Ó káàbọ̀, ó káàbọ̀, ó káàbọ̀!"

Ó fa ìdábùú yọ, ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. Koríko wọlé, òjò wọlé, Lorcan wọlé, òórùn màlúù sì tẹ̀ lé wọn. Màmá gbá a mọ́ra pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, ó gbá a mọ́ra pẹ́, ó wá tì í sẹ́yìn, ó ń fín imú.

"Nǹkan ń rùn."

"Èmi ni, Màmá."

"Èyí kì í ṣe ìwọ. Yéè! Ọ̀dùnkún mi!"

Wọ́n gba èyí tó wà lókè ìkòkò là. Wọ́n fi koríko sábẹ́ tábìlì, wọ́n fi bọ́tà sórí ọ̀dùnkún, wọ́n jẹun, Lorcan nínú ṣòkòtò Malachy tó kúrú sí i lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n fa koríko jáde, wọ́n ń fi hun àgbélébùú Brigid.

"Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe àgbélébùú lèyí, Màmá. Oòrùn ni. Apá mẹ́rin tó ń yí po."

"Oòrùn, ní Mayo? Ta ló rí i rí tó fi mọ bó ṣe rí? Fa etí ibẹ̀ yẹn kó le dáadáa."

Lorcan fà á. Ó ronú díẹ̀.

"Màmá, ẹ búra pé mi ò ní tẹ ilé yìí àfi tí mo bá jẹ́wọ́. Gbogbo abúlé ló gbọ́. Kí lẹ máa sọ fún wọn?"

"Màá sọ pé o ti jẹ́wọ́."

"Ìgbà wo?"

"Ta ló kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi lẹ́ẹ̀kan? Ta ló ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ò rójú ẹ̀, tí pákó wà láàárín àwọn méjèèjì? O dárúkọ irọ́, o dárúkọ olè, o dárúkọ ìpànìyàn ẹ̀ẹ̀mejì, o sì bẹ̀bẹ̀. Kí lo rò pé wọ́n ń ṣe lọ́dọ̀ Fada?"

Koríko bọ́ lọ́wọ́ Lorcan.

"Àmọ́ ẹ̀yin kì í ṣe Fada!"

"Ṣé àwọn baba ńlá ẹ ní Fada ni?"

Lorcan tẹ̀ba, ó ṣa koríko náà nílẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo ti dárí jì ọ́. Ó ku ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹ. Ka Mo-kí-ọ-Màríà mẹ́wàá."

"Ó tì o, Màmá. Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ti fi ìyẹn sílẹ̀, mi ò sì ní padà sídìí ẹ̀ láéláé."

"Mi ò ní fipá mú ọ. Ẹni tí ò bá gbàdúrà, kó fọ ìkòkò."

Lorcan fi ìgboyà dìde, ó ká apá aṣọ sókè, ó lọ wo inú ìkòkò. Ọ̀dùnkún ti jóná mọ́ ọn nísàlẹ̀, ó dúdú bí ọ̀dà títì. Ó fi ṣíbí irin họ ọ́. Ṣíbí tẹ̀. Ó wo ìkòkò títí, ó wo ojú màmá, ó padà wá sídìí tábìlì, ó rọra kúnlẹ̀.

"Màmá Àgbà, lẹ́yìn 'Mo kí ọ, Màríà', kí ló kàn?"